Má Kó Àwọn Ọmọ Wá, Gbé Ìkòkò Kaná

Ìwó,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Mudaṣírù ọmọ mi, Àkànní ọmọ Bùsárì,

Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó wa Sìdíkátù ti ń dìde jókòó fúnra rẹ̀? Mulíkà ńkọ́, Tàíbù ńkọ́, ọmọ tuntun ńkọ́? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bàbá àgbà gbàgbé òun.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi lánàá. Awakọ̀ tí o fi rán kò jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e wá bá mi nílé, ó ní lọ́jọ́ Àtìní ni òun ń padà sí Àkúrẹ́, kí n tètè kọ èsì. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo yọ awò ojú mi. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Orúnkún ń dùn mí, ojú ń ṣú, èéfín tó wọ̀ mí lójú fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ń gba tirẹ̀ báyìí. Bí o bá rí i tí ìlà ìwé yìí ń wọ́, má bínú. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò rò pé mo lè kọ irú rẹ̀ mọ́.

O ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ tuntun lára ìyàwó wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó yọ tìyá tọmọ. O ní dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, kò sì gbọdọ̀ dúró nídìí iná títí oṣù mẹ́ta. O ní láti ìgbà náà, oúnjẹ olóúnjẹ lẹ ń rà jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, àti pé owó oṣù ń tán lọ́wọ́ rẹ kí oṣù tó dé ìdajì. O wá ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí o kó Mulíkà àti Tàíbù wá sọ́dọ̀ mi títí nǹkan yóò fi rọ̀. O kọ ọ́ báyìí pé: "Bàbá, ẹ mọ̀ pé ọkùnrin ni mí, mi ò mọ ìdí ìkòkò."

Ọmọ kúùkù ló ń sọ pé òun kò mọ ìdí ìkòkò. Ẹ̀rín ì bá pa mí. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀rín rín, nítorí ẹ̀bi ta ni? Ẹni tó yẹ kó kọ́ ọ ni kò kọ́ ọ.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, èsì mi nìyí: má kó wọn wá. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ wọn, kì í sì í ṣe pé n kò ní oúnjẹ tí n ó fún wọn. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, n ó sì kọ́ ọ ní ohun tí o máa sè, kí ìdí náà lè wúlò.

O mọ̀ pé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́. Igi lílà àti omi pípọn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fi mí sídìí ìkòkò, ibẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi ní kí n lọ sinmi. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ìwé kíkọ, nítorí kúùkù gbọ́dọ̀ lè kọ iye iṣu tó wọlé àti iye tó jáde. Mo ro ọkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kún gbọ̀ngàn ìjẹun dẹ́nu. Mo se ẹ̀wà nínú agbada tí ìwọ ìbá lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ bá dín kù ní ilé-ẹ̀kọ́, èmi ni wọ́n máa ń pè, wọ́n á ní, "Bùsárì, wá fi ọgbọ́n rẹ sí i." Mo máa ń fi ọgbọ́n sí i, á sì kárí.

Ṣùgbọ́n ní agboolé wa, n kò gbé ìkòkò kaná rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ibi iṣẹ́, iṣẹ́ ni. Ní ilé, ìtìjú ni. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe kúùkù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí níwájú àwọn ọkùnrin ilé, wọ́n ní, "Bùsárì, a gbọ́ pé o ti di ọlọ́bẹ̀. Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé òun ló ń lọ sóko báyìí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà mo búra nínú ara mi pé kò sí ọkùnrin kan nínú ilé yẹn tó máa rí èéfín lójú mi. Bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, n ó fọ ọwọ́ mi títí òórùn àlùbọ́sà yóò fi kúrò, n ó wọ agbádá, n ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá mi. Àwọn kan ń fi ẹṣin ṣe iyì, àwọn kan ń fi aṣọ ṣe é. Èmi ń fi ọwọ́ tí kò kan ìkòkò ṣe é.

Nígbà tí o pé ọmọ ọdún méje, ìyá rẹ bí àbúrò rẹ obìnrin, kò sì lè dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ara rẹ̀ ń gbóná. Àwọn ìyàwó ilé gbé oúnjẹ wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí Ọlọ́hun san án fún wọn. Lẹ́yìn náà ó rẹ̀ wọ́n; àwọn náà ní ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ní ọkọ nílé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra oúnjẹ. Ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, ọkà lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́. Bí o ṣe ń ṣe yìí gan-an ni mo ṣe. Nígbà tó di pé apá mi kò ká a mọ́, mo mú ọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kuta. Mo ní kí o lo oṣù kan. Ọdún mẹ́rin lo lò.

Kì í ṣe pé wọ́n fi ìyà jẹ ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí o padà wá, o dọ̀bálẹ̀ kí mi bí àlejò ṣe ń kí baálé. Tí a bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ, o ò ní fọwọ́ kàn án, o máa wo ojú ìyá rẹ, o máa wo ojú mi, o máa béèrè pé, "Ṣé kí n jẹ ẹ́?" Nínú ilé bàbá rẹ. Ó tó ọdún méjì kó tó kúrò lára rẹ. Mo máa ń rí ìyá rẹ tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Nítorí náà, fetí sí mi dáadáa.

Èkínní. Má sọ pé o fẹ́ pa oúnjẹ rírà tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, o ò ní lè ṣe é. Oúnjẹ àárọ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbà padà lọ́wọ́ olóúnjẹ. Ògì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Rà á ní tútù, da omi lé e lórí nínú ìkòkò amọ̀, kí o máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́, kò ní bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Fi omi tútù pò ó kó má baà ṣù, kí o tó da omi gbígbóná sí i. Ìyá ọmọ nílò ẹ̀kọ gbígbóná kí ọmú lè wá. Àwọn ọmọ yóò mu tiwọn pẹ̀lú ohunkóhun tó bá kù lánàá. Tí ṣúgà bá wọ́n, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọn á bá a mọ́ra. Bọ́tà, búrẹ́dì àti mílíìkì inú agolo kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀ tiwa tẹ́lẹ̀. A bá wọn pàdé ni.

Èkejì ni ẹ̀wà, òun sì ni olórí ọ̀rọ̀. Ṣà á, jẹ́ kí Mulíkà bá ọ ṣà á, ojú ọmọdé mú ju tiwa lọ. Fọ̀ ọ́, gbé e kaná. Bó bá ti hó dáadáa, pa sítóòfù, dé e pa, kí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ooru inú rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ lọ láìjẹ kẹrosíìnì kankan. Ìgbà tí o bá padà tan iná, yóò ti rọ̀ dé ìdajì. Gé àlùbọ́sà kan sí i. Má fi iyọ̀ sí i títí yóò fi rọ̀ tán. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé pàápàá ń fi iyọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa bú ẹ̀wà pé ó le. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi epo àti ata jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, da àgbàdo mọ́ èyí tó kù, ó di àdàlú, ìkòkò á sì tún kún. Èyí tó bá tún kù lẹ́yìn ìyẹn, gàrí ló máa bá a parí. Ẹ̀ẹ̀kan lo se ẹ̀wà, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ jẹun, orúkọ rẹ̀ kò sì bára mu lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n rí i pé o ń gbé e kaná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó má baà kan.

Ẹ̀kẹta. Se ata lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ tán lórí iná kí o tó da epo sí i, kí o wá dín in títí epo yóò fi léfòó. Ata tí omi wà nínú rẹ̀ ló ń tètè kan. Nígbà tí tòmátì bá wọ́n, bọ igbá tí à ń pè ní ikàn, bó èèpo rẹ̀, gún un mọ́ ata, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀, tó bá sì mọ̀, á jẹ ẹ́. Nínú ata yìí ni ẹ̀fọ́ ti máa jáde lónìí, nínú rẹ̀ ni àsáró ti máa jáde lọ́la. Irú ni kí o fi ṣe ọlá fún un. Irú tí mo fi rán awakọ̀ yìí sí ọ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ kan ní agboolé wa ló sè é, ó ń rùn dáadáa, má jẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ fi jà.

Ọ̀rọ̀ ẹran. Má ṣe jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Ẹran tí o bá rà, gé e wẹ́wẹ́ kí ó tó wọ ìkòkò, kó tú ká, kí olúkúlùkù pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí o bá gé e ní ńlá mẹ́rin, ojú ọmọ ni yóò máa lọ síbi àwo ẹlòmíràn. Ẹja sáwá gbígbẹ, pọ̀nmọ́, edé, gbogbo wọn ló ń ṣe iṣẹ́ ẹran. Tí àwọn Fúlàní bá ń gbé wàrà kọjá ní àdúgbò yín, rà á, dín in, jù ú sínú ọbẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ wàrà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé a pa màlúù.

Mo gbé kálàmù sílẹ̀ níbi yìí lánàá, ó rẹ̀ mí. Òní ni ọjọ́ Jímọ̀, mo ti kírun dé, mo tún ti mu omi. N kò rántí iye tí mo kà dé mọ́, má wulẹ̀ retí ẹ̀kẹrin.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ọjà. Àwa ọkùnrin, tí a bá ń lọ sọ́jà, orúkọ oúnjẹ ni a máa ń gbé sórí lọ. A ti pinnu nílé pé iyán ni, a ó wá dé ọ̀dọ̀ oníṣu, a ó bá a pé iṣu ti gbówó lórí, a ó sì rà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé a ti pè é ní iyán. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ni kí o gbé lọ. Wo ohun tó pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà, rà á, ìgbà tí o bá délé lo máa sọ orúkọ oúnjẹ. Iṣu wọ́n? Wo ewùrà. Ewùrà kò ṣe é gún, ṣùgbọ́n rin ín, po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, dín in ní ọ̀jọ̀jọ̀, Tàíbù yóò máa tẹ̀lé ọ káàkiri. Ìrẹsì wọ́n? Se díẹ̀, kí o da ẹ̀wà mọ́ ọn kó pọ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wọ́n? Gbúre ń hù lẹ́yìn ilé rẹ, ò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Tí kì í bá ṣe ohun tí ẹni ẹlẹ́ni gbìn, já a. Nírọ̀lẹ́ ni kí o lọ ra ẹ̀fọ́ àti tòmátì, nígbà tí àwọn ìyá ń palẹ̀ mọ́, tí wọn kò fẹ́ ru ẹrù wọn padà sílé. Kí o sì kí wọn dáadáa. Ìkíni ń mú ènì wá ju ẹjọ́ lọ.

Bí oúnjẹ bá jó, yóò sì jó, má rò ó. Ìgbà tí o bá ti rò ó, o ti pín òórùn jíjó náà kárí. Rọra bu ti òkè sínú ìkòkò mìíràn, fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti jó ẹ̀wà tó lè bọ́ odidi agboolé kan, mo sì ṣì jẹ́ kúùkù lọ́jọ́ kejì.

Ìyàwó wa ńkọ́? Gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, jẹ́ kó jókòó, kó máa pàṣẹ fún ọ. Inú ni wọ́n là, wọn kò la ẹnu. Obìnrin tí wọ́n ní kó má ṣe nǹkan kan fún oṣù mẹ́ta, tó ń wo oúnjẹ olóúnjẹ, tó ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí egbò rẹ̀ san. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. O ò sọ fún mi nínú lẹ́tà rẹ bóyá Sìdíkátù fọwọ́ sí i kí àwọn ọmọ wá. Mo fura pé o kò tíì bi í léèrè.

Àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. N kò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n á ní ìyàwó rẹ ti sọ ọ́ di obìnrin. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, nígbà tí ebi wọlé mi, kò gbé àwo kan wá. Kò ṣe é ní ibi, kò kàn wá sí i lọ́kàn. Mo wá fi ọmọ mi ṣe ẹ̀bùn fún ẹ̀rín ọkùnrin tó ti gbàgbé pé òun rẹ́rìn-ín.

Ó ku ohun kan nípa ìdí ìkòkò, òun sì ni mo fẹ́ kí o dì mú jù. Kúùkù àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Olúpọ̀nnà ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan mo ń bu ọbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ń bu láti òkè láìrò ó. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń bu ọbẹ̀ láìrò ó, ó ń yan ẹni tí ebi máa pa ni." Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ro ìkòkò kí n tó bu àwo kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn lè dọ́gba. Ní ilé tiwa, bàbá ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún, òun ló ń jẹ èyí tó ki, tó ń jẹ ẹran tó tóbi. Ní ilé tìrẹ, rò ó dáadáa, bu fún ìyá ọmọ, bu fún àwọn ọmọ, kí o wá bu tìrẹ kẹ́yìn. Bí kò bá tó, ìwọ ni kò ní tó fún. Bàbá lè mu gàrí.

Ṣé o rántí ọdún méjì tí ìyá rẹ fi ṣàìsàn kó tó kú, kí Ọlọ́hun fi àlùjánà kẹ́ ẹ? Ẹ̀yin ọmọ ti tú ká lọ síbi iṣẹ́ yín. Èmi nìkan ni mo kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọkùnrin tí wọ́n lè fi mí rẹ́rìn-ín ti kú tán. Ọjọ́ kan ni mo dìde, mo dá iná, mo se ẹ̀fọ́ yánrin sí ẹ̀gúsí, mo ro ọkà, mo gbé e lọ bá a lórí ẹní. Ó jẹ òkèlè kan, ó tún jẹ òkèlè kejì. Ó wá wò mí.

"Bàbá Múdà, ẹ̀yin lẹ sè é?"

Mo ní èmi ni.

"Ó dùn," ó ní. Lẹ́yìn tó ti mu omi, ó ní, "Ibo lẹ gbé e pa mọ́ sí láti ọjọ́ yìí?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn kó fi ìbínú sọ ọ́. Ọdún méjì yẹn ni mo fi sè fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ sì ni ojú ń tì mí.

Àkànní, mo ti máa ń sọ fún ọ láti kékeré pé àìsí oúnjẹ ló jẹ́ kí n mú ọ lọ sí Kuta. Ohun tí o rò nìyẹn títí di òní, ìdí nìyẹn tí o fi rò pé ohun tí ó yẹ kí bàbá ṣe náà nìyí nígbà tí nǹkan bá le. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ọdún náà, iṣu wà nínú àká wa. Èlùbọ́ wà nínú agbọ̀n lórí àjà. Ẹ̀wà tí mo kó ti oko bàbá mi dé wà nínú àpò, kòkòrò ló jẹ ẹ́. Owó ló tán, oúnjẹ kò tán. Ẹni tó máa sè é ni kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ ọ́n sè jù ní gbogbo Ìwó ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Ebi kò tilẹ̀ pa mí rí ní gbogbo oṣù yẹn. Mo ń jẹun níbi iṣẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o má kó wọn wá. Ọmọ tí a bá lé kúrò nídìí ìkòkò bàbá rẹ̀ kì í padà wá tán. Mo di gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà díẹ̀ pẹ̀lú irú náà sínú àpò, awakọ̀ yóò gbé e fún ọ. Gbìyànjú fún oṣù kan. Bí o bá gbìyànjú tí o rí i pé apá rẹ kò ká a, ránṣẹ́ sí mi, èmi ni n ó wá sí Àkúrẹ́, pẹ̀lú orúnkún yìí, n ó wá sè é fún yín títí ìyàwó wa yóò fi dìde. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ó rọrùn fún mi láti wọkọ̀ ju kí Mulíkà wọ̀ ọ́ lọ. Ó ti pé ọmọ ọdún méje, kì í ṣe ọmọ tí ẹ lè tàn. Yóò béèrè ìdí tí ẹ fi ń gbé òun lọ, bóyá yóò bi ọ́, bóyá ara rẹ̀ ni yóò bi.

Ìwọ bi mí. N kò mọ̀ bóyá o rántí. Ọ̀nà Kuta ni a wà, a ti rìn títí ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, a jókòó sábẹ́ igi láti sinmi. O tú aṣọ tí ìyá rẹ di oúnjẹ sí fún ọ, o bu díẹ̀ jẹ, o wá dì í padà. O wò mí, o ní, "Bàbá, ṣé torí pé mò ń jẹun jù ni?"

N kò dá ọ lóhùn. Mo ní kí o dìde, kí oòrùn má baà mú wa lójú ọ̀nà.

Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn báyìí. Rárá, ọmọ mi. O ò jẹun jù. O ò jẹun jù rí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùsárì.